Ìlà Kan Tó Kù

Rasidat, opó apẹja Sèmè-Kpodji, jókòó ti ọmọ rẹ̀ Àbídéènì nínú yàrá ọmọ náà ní àdúgbò Gbégamey. Ogójì ọjọ́ ọkọ rẹ̀ ti kọjá. Ohùn ìkẹyìn tí ọkùnrin náà fi ránṣẹ́ láti orí òkun wà nínú fóònù Rasidat. Àsálátù ni Rasidat wà nígbà tí ohùn náà wọlé. Ariwo afẹ́fẹ́ àti ìgbì ti bò ó mọ́lẹ̀. "Rasidat" nìkan ló hàn níbẹ̀.

Ètò kọ̀ǹpútà ni Àbídéènì ń kọ jẹun. Ó ní òun á kọ èyí tí yóò yọ ariwo kúrò lára ohùn náà. Ọjọ́ kẹtàlá tó ti bẹ̀rẹ̀ rèé.

Ó tẹ bọ́tìnnì. Kọ̀ǹpútà tún kọ ọ́ síta pé ètò náà nílò AVX2, òun ò sì rí i.

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Irú ìṣirò kan ni, Màámi. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà yìí ti darúgbó, kò mọ̀ ọ́n ṣe."

"Hẹ̀! Èyí tó o rà lọ́dún tó kọjá ló darúgbó? Èmi wá ńkọ́?"

Àbídéènì kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òkú baba rẹ̀ wá sétí òkun, ara rẹ̀ ti kú. Kò sunkún, kò mọ adùn oúnjẹ.

"Àbí bàbá rẹ pe ìwọ náà lọ́jọ́ yẹn?"

"Rárá, Màámi. Ibi iṣẹ́ ni mo wà."

Lọ́sàn-án, Benjamin tí òun àti Àbídéènì jọ ń ṣiṣẹ́ yà kí wọn. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, Ìyá." Ó wo kọ̀ǹpútà náà, ó mi orí. "Ọpọlọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Kò kàn sẹ́ni tó sọ fún un pé kó ṣe é. Ìlà kan péré ló kù kó o kọ sínú fáìlì tó o fi ń kọ́ ètò yìí. Àbídéènì, ṣebí ìwọ lo kọ́ mi!"

"Ó ti rẹ̀ mí ni. Fi í sílẹ̀, màá kọ ọ́ sí i."

Inú Rasidat dùn débi pé ó súre fún Benjamin títí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun á ṣe àlùwàlá kóun tó gbọ́ ohùn ọkọ òun. Ó fi fóònù rẹ̀ sórí tábìlì.

Àbídéènì gbé e. Ó pa ohùn náà rẹ́ níbẹ̀, ó pa á rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Omi àlùwàlá Rasidat ń dà lẹ́yìnkùlé.

Ó ti di ọjọ́ kẹwàá tó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ìlà náà kúrò, lẹ́yìn tí ètò náà jẹ́ kó gbọ́ baba rẹ̀ ketekete: "Rasidat, sọ fún Àbídéènì kó gbé fóònù rẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ti pè é tó ń pa á, omi ń wọ inú ọkọ̀."