Ọjọ́ Méjì ní Àgọ́ Kẹsàn-án

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá, Orrin Tveit wá sílé ọkọ ọmọ rẹ̀ ní Roseburg, ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ etíkun sórí tábìlì, ó sì ní kí àwọn méjèèjì jọ lọ pàgọ́ fún ọjọ́ méjì.

Ẹnu ya Darrell. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tó gbé Marlys níyàwó, bàbá ìyàwó rẹ̀ kò sì fìgbà kan pè é lórúkọ. Iṣẹ́ gẹdú ni bàbá náà ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ rẹ̀ nípọn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀.

"Àgọ́ rìbìtì tí ìjọba ń fi háyà ni," Orrin wí. "Bẹ́ẹ̀dì wà ńbẹ̀, iná wà ńbẹ̀. Mo ti sanwó nọ́ńbà mẹ́sàn-án."

Darrell wá a lórí àwòrán. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ló dá wà jù, ní ìparí ọ̀nà, létí ibi tí òkúta ti já sínú òkun.

"Kí ló dé tẹ́ ò mú èyí tó sún mọ́ géètì, Bàbá?"

"Ariwo pọ̀ níbẹ̀."

"Ṣé nẹ́tíwọ̀kì wà?"

"Kò sí. Ohun tó dùn níbẹ̀ nìyẹn."

Marlys bu kọfí fún wọn, ó sì dúró sẹ́yìn àga bàbá rẹ̀. Kò jókòó.

"Ìwọ ńkọ́, Marlys?" bàbá rẹ̀ bi í.

"Kò fẹ́ràn òtútù," Darrell ló dáhùn. "Ilé ló máa wà."

Orrin mi orí, bí ẹni pé ìdáhùn tó ń retí gan-an nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló padà wá lọ́sẹ̀ yẹn. Lákọ̀ọ́kọ́, ó gbé okùn, tapólì, pàkúté alákàn àti àáké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n wá, ó tò wọ́n sílẹ̀ ní gáréèjì, ó ń kà wọ́n. Lẹ́ẹ̀kejì, ó mú ìwé tó ń sọ ìgbà tí omi òkun máa ń kún wá. Ó ti fi bírò pupa fa ìlà sí àárọ̀ Sátidé.

"Ṣé o mọ̀ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́?" ó bi Darrell.

"Díẹ̀díẹ̀, Bàbá. Kí ló dé?"

"Mo kàn bi ọ́ ni. Má mú ọkọ̀ rẹ wá o, inú tèmi la ó jọ lọ. Ta lo sọ fún pé à ń lọ?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́."

Orrin ká ìwé náà pọ̀. "Ṣé ó máa ń wá sílé yín?"

"Rárá o. A kì í gba àlejò."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Níbi iṣẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Sully gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Okùn, tapólì, àáké? Darrell, bàbá yẹn fẹ́ fi ẹ́ bọ́ alákàn ni!"

Darrell rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń di ẹrù, ó ti ọ̀bẹ ọdẹ rẹ̀ bọ ìsàlẹ̀ báàgì. Ó rò ó pé kóun sọ pé òun ò lọ mọ́, àmọ́ bàbá náà á fẹ́ mọ ìdí, Darrell kò sì fẹ́ kó máa bi òun ní ìbéèrè nípa ilé òun.

Láàárọ̀ Fúráìdé, ara Marlys kò yá. Darrell to búrẹ́dì, omi àti oògùn orí fífọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó fẹnu kò ó lórí, ó ní kó sinmi. Lẹ́yìn náà ló jáde lọ bá Orrin nínú ọkọ̀.

Òjò ni wọ́n bá létíkun. Kò sẹ́lòmíì nínú àwọn àgọ́ yòókù. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Orrin ní kí àwọn sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ìgbì lórí àpáta.

"Máa lọ níwájú," ó wí.

Darrell ń lọ níwájú, ó ń gbọ́ bàtà bàbá náà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbì kan dìde láìròtẹ́lẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí òkúta. Ọwọ́ nípọn kan di kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà kò fà á, kò sì fi í sílẹ̀. Darrell gbójú sókè, ó rí ojú Orrin lókè rẹ̀, kò sì rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ó pẹ́ tó kéèyàn ka oókan dé ẹẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni Orrin fà á gòkè.

"Bàbá, ẹ gba ẹ̀mí mi là o."

Orrin wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Jẹ́ ká lọ wá nǹkan jẹ."

Wọ́n se alákàn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sùn, nígbà tó sì di ọ̀sán Sọ́ńdè wọ́n kọrí sílé. Bí ọkọ̀ ṣe ń sún mọ́ Roseburg ni ọkàn Darrell ń fúyẹ́.

"Kí n sòótọ́ fún yín, Bàbá? Mo rò pé ẹ fẹ́ pa mí ni."

"Èmi náà rò ó," Orrin wí.

Darrell bú sẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé. Orrin kò sọ̀ kalẹ̀, kò sì ní kí Darrell bá òun kí ọmọ òun. Ó yí ọkọ̀ padà, ó sì lọ.

Nínú ilé, wọ́n ti já ilẹ̀kùn yàrá kúrò lára férémù rẹ̀, ibùsùn ṣófo, àgádágodo tí Darrell fi ń ti Marlys mọ́ inú yàrá náà láti ìta nígbàkígbà tó bá ń jáde láti ọdún méjì sẹ́yìn sì wà lórí ìrọ̀rí, wọ́n gbé e lé ìwé ilé ẹjọ́ tó sọ pé kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìyàwó rẹ̀ mọ́.