Oníbàárà Ìfọ́n

Lẹ́bàá ọ̀nà tó jáde láti Ìlobù sí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, Síkírù ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò ta ohun mìíràn ju ánímè, àwọn fíìmù kátúùnù tí àwọn ará Jàpáàn ń ṣe. Díìsìkì kún orí pẹpẹ láti ilẹ̀ dé àjà. Pósítà bo ògiri. Nígbà kan, tí ilé ìwé bá ti jáde, àwọn ọmọ Ìlobù àti Ìfọ́n á kún ibẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n á máa jiyàn lórí akọni tó lágbára jù. Síkírù ló máa ń dá ẹjọ́ náà.

Fóònù ló gba gbogbo wọn lọ. Ẹni tó bá ti ní dátà ò nílò díìsìkì mọ́. Irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ tó wà ní Òṣogbo ti di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Èyí tó wà ní Ìkìrun ti pa. Ti Síkírù nìkan ló ṣẹ́kù, òun náà sì ń mí gúlegúle. Odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá, ẹnikẹ́ni ò ra nǹkan. Síkírù á jókòó síbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, bó bá délé kò ní jẹun. Rísíkátù ìyàwó rẹ̀ á gbé oúnjẹ kalẹ̀, á sì tún gbé e kúrò.

Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèdìran fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láti Ìfọ́n. Ó ní olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì lòun, ẹsẹ̀ tó ń dun òun kì í jẹ́ kóun jáde, òun sì fẹ́ mọ ohun tí àwọn ọmọ ń rí nínú ánímè. Síkírù yan díìsìkì kan, ó fi rán Jàlálù ọlọ́kadà. Jàlálù mú owó bọ̀.

"Ṣé o rí bàbá náà?"

"Màmá àgbà kan ló gbà á lọ́wọ́ mi. Bóyá ìyàwó wọn ni."

Láti ìgbà náà, Oyèdìran ò yéé rà. Ó máa ń béèrè pé èwo ló kàn, kí ló dé tí akọni yìí fi dárí ji ọ̀tá rẹ̀, Síkírù á sì kọ èsì gígùn sí i. Síkírù bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó tún ṣọ́ọ̀bù kùn.

"Ṣé oníbàárà yín ti Ìfọ́n tún ránṣẹ́?" Rísíkátù á bi í nídìí oúnjẹ.

"Kò lè yé ẹ. Ọkùnrin yẹn lóye."

Aṣọ ni Rísíkátù ń tà, bí ìdílé rẹ̀ ti ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti Gánà dé. Ṣùgbọ́n lọ́dún náà, ìsọ̀ rẹ̀ ń ṣófo. Yẹtí góòlù ìgbéyàwó rẹ̀ ò sí létí rẹ̀ mọ́. Ó ní ó já bọ́. Mùíbátù, ẹ̀gbọ́n Síkírù obìnrin, ló wá pe àkíyèsí rẹ̀ sí i.

"Mo rí ìyàwó rẹ ní Ìfọ́n, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ilé kan náà ló máa ń wọ̀. Ọjà rẹ̀ ń tán, góòlù ti lọ. Ta ló ń bọ́ níbẹ̀?"

Síkírù bi Rísíkátù. Ó ní aṣọ lòun lọ tà. Síkírù ní ta ló tà á fún. Rísíkátù gbé ẹrù aṣọ rẹ̀, ó jáde.

Síkírù ò ní ọ̀rẹ́ mìíràn, ló bá kọ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí Oyèdìran. Èsì pẹ́ kó tó dé.

"Ṣé ẹ ti rí i pẹ̀lú ọkùnrin kankan?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lé e. Èèyàn lè máa fi nǹkan pamọ́ kó má jẹ́ ibi."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n, sà. Mi ò fẹ́ rí ojú ẹ̀ mọ́."



Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, níwájú àfáà àti ẹbí méjèèjì, Síkírù pe Rísíkátù ní alágbèrè, ó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Bàbá Rísíkátù fi fìlà bo ojú.

"Ó yá, dárúkọ ọkùnrin náà!" ni Mùíbátù ń pariwo.

Rísíkátù wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó wo gbogbo àwọn tó pé jọ, ó wo Síkírù, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ní Kùmásì.

"Mo ti ṣe é, sà," Síkírù kọ sí Oyèdìran. "Ọkàn mi ti balẹ̀."

Kò sí èsì. Kò sí èsì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sì sẹ́ni tó tún ra nǹkan. Nígbà tó yá, Síkírù tú pẹpẹ palẹ̀. Ó kó àwọn díìsìkì tó dára jù sínú páálí, ó ní òun ò ní tà wọ́n. Òun á fi wọ́n ta ẹnì kan ṣoṣo tó ka òun sí lọ́rẹ. Jàlálù fi ọ̀kadà gbé òun àti páálí náà lọ sí Ìfọ́n.

Màmá àgbà kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Síkírù dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, mà. Ọ̀gbẹ́ni Oyèdìran ni mo wá kí."

"Kò sí ọkùnrin nílé yìí, ọmọ mi. Opó ni mí."

Síkírù bojú wo Jàlálù. Jàlálù ní ilé náà nìyí, màmá tó ń gbà á náà nìyí. Màmá náà wo inú páálí, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Áà, ẹrù Rísíkátù ni, ó pẹ́ tí mo ti rí i, bá mi sọ fún un pé yàrá tó gbà lọ́wọ́ mi ti kún, kó yáa jẹ́wọ́ fún ọkọ ẹ̀ pé òun nìkan ni oníbàárà tó kù fún un."