Jùwọ́n Ní Kí N Má Lé Elijah

Búrẹ́dì tún jóná láàárọ̀ ọjọ́ náà. Láti ìgbà tí kòrónà ti wọ Kaduna ni Elijah, ọ̀gá nídìí ààrò, ti di ẹni tí ń fi iyọ̀ sí ìyẹ̀fun lẹ́ẹ̀mejì, tí ń tẹjú mọ́ iná bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ̀rù àìsàn ló ń bà á," ni Ìyá Jùwọ́n, tó ni ilé búrẹ́dì ní Kawo, máa ń wí. "Hàbà! Èmi tí wọ́n gbé ọmọ mi kan ṣoṣo lọ síbi tí wọ́n kó àwọn alárùn sí ńkọ́? Àìsàn ló ṣeé wò. Ṣé mo jó búrẹ́dì?"

Wọn kò jẹ́ kí ìyá náà débẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu, dókítà sì ní kí ẹnikẹ́ni má dá a níjì. Elijah, ọ̀rẹ́ Jùwọ́n láti kékeré, ló ń bá a gbé oúnjẹ dé ẹnu géètì. Abọ́ ń padà lófìfo, inú ìyá ń dùn. Àwọn àgbà ìjọ rẹ̀ pẹ̀lú ń yà kí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í jókòó pẹ́.

Ọpẹ́lọpẹ́ fóònù. Lọ́sọ̀ọ̀sán ni Jùwọ́n ń pè é. Ikọ́ ti jẹ́ kí ohùn rẹ̀ há, kì í sì í pè é ní Arẹwà mi mọ́, àfi Mama.

"Ẹ má pè mí o, Mama. Àwọn nọ́ọ̀sì ò fẹ́. Èmi ni n ó máa pè yín."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, ìyá fẹjọ́ sùn ún. "Ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ o. Lónìí ni mo máa lé e."

Jùwọ́n wúkọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Mama, ẹ má lé e. Ó ń gbìyànjú ni."

"Ìgbìyànjú wo?"

Kò pẹ́ tó pa fóònù ni Elijah ti ẹ̀yìn òkìtì igi ìdáná dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ààrò ti ń rú èéfín. Inú bí ìyá náà gidigidi.

"Bọ́ aṣọ iṣẹ́ yẹn sílẹ̀! Máa lọ sílé rẹ ní Ungwan Shanu, kí o lọ máa bẹ̀rù níbẹ̀."

"Mama, ẹ ṣàánú mi. Tí mo bá lọ, ta ni yóò..." Omi dà lójú rẹ̀. Ó fi aṣọ kọ́ ìṣó, ó jáde.

Nígbà tí ìbínú rọ̀, àánú rẹ̀ ṣe é. Ọmọ tó jẹun nílé òun títí tó fi dàgbà! Ó pinnu láti sọ fún Jùwọ́n pé òun yóò ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà. Bí àwọn nọ́ọ̀sì bá fẹ́ bínú, kí wọ́n bínú. Ó tẹ nọ́ńbà ọmọ rẹ̀, ó gbé fóònù sétí.

Inú àpò aṣọ iṣẹ́ Elijah, lórí ìṣó, ni fóònù Jùwọ́n ti ń dún.