Súkúrúù Tó Jẹ Mọ́ Ṣauki Lọ́wọ́

Onílara ni Ṣauki, kí a má fi bò. Ó mọ iṣẹ́ fóònù àti kọ̀ǹpútà títún ṣe dáadáa, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà láàárín ọjà ní Kairo. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí èèyàn méjì níwájú ṣọ́ọ̀bù Labibu, tóun náà ń tún fóònù ṣe ní òdìkejì, ẹ̀wà àti búrẹ́dì àárọ̀ rẹ̀ á korò lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, á rò pé òun ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tó sọ Labibu di olókìkí kò ju súkúrúù lọ. Bí ojú súkúrúù bá ti jẹ, tí irin tí wọ́n fi ń tú u ń yọ̀ lórí rẹ̀, Labibu á tẹ́ rọ́bà pẹlẹbẹ lé e, á fi irin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á sì rọra yí i. Bí kò bá gbà, á fi ṣóńṣó irin gbígbóná kàn án díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Kì í bá a jà.

Àṣà kan wà nínú ọjà náà tí àwọn oníbàárà pàápàá mọ̀. Bí iṣẹ́ bá dojú rú mọ́ ọ lọ́wọ́, wàá gbé e lọ bá aládùúgbò rẹ pẹ̀lú ife tíì kan. Bó bá ti mu tíì náà, ó ti gba iṣẹ́ nìyẹn, kò sì ní tú àṣírí rẹ fún oníbàárà. Gbogbo wọn ló ti gbé tíì lọ bá Labibu rí, àfi Ṣauki.

Lọ́jọ́ kan, Nesma, ọmọbìnrin kan tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá. Bátìrì inú rẹ̀ ti wú.

“Ọ̀gá Ṣauki, ẹ dákun, iṣẹ́ ìwádìí ọdún méjì ló wà nínú rẹ̀, mi ò sì ní in níbòmíì. Ọ̀túnla ni mo máa gbé e síwájú àwọn olùkọ́ mi.”

“Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Kí o tó mu omi tán, mo ti ṣe é.”

Ì bá sì ṣe é lóòótọ́. Àmọ́ ó gbọ́ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún Labibu lódìkejì, ló bá gbójú sókè. Ojú rẹ̀ wà lọ́hùn-ún nígbà tó mú irin tí kò bá ojú súkúrúù mu, tó sì fi agbára yí i. Súkúrúù tó kẹ́yìn, èyí tó di bátìrì mú, jẹ kanlẹ̀.

“Háà, ọ̀gá, ó ti jẹ! Ẹ ò ṣe gbé tíì lọ bá Ọ̀gá Labibu?”

“Labibu kẹ̀? Ṣé mo ti kú ni? Ẹni tó ń fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di ewébẹ̀ ṣiṣẹ́, òun ló máa wá kọ́ mi?”

“Ẹ má bínú, sà. Iṣẹ́ mi ló ń bà mí lẹ́rù.”

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láì fara kan ra, ṣùgbọ́n onílara kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ṣauki fa ẹ̀rọ tó fi ń lu ihò yọ, ó sì kì í bọ súkúrúù náà.

Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fi agbára mú ní í nini lára. Ẹ̀rọ náà yọ̀, ó gún bátìrì. Èéfín rú túú, iná sì sọ. Ṣauki fi ọwọ́ ọ̀tún gbá kọ̀ǹpútà náà kúrò níwájú ọmọbìnrin náà, iná sì bo ọwọ́ rẹ̀. Labibu ló sáré wọlé, tó da garawa iyanrìn lé iná náà lórí.

“Ṣauki, ọwọ́ rẹ! Gbé e sábẹ́ omi, kíá!”

Nesma jókòó sílẹ̀, ó ń ṣa àjókù kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kò ṣépè.

“Ọ̀gá,” ó ní, “ṣé ife tíì kan ṣoṣo náà ló nira tó báyìí?”

Ṣauki gbé ọwọ́ tó jóná náà sábẹ́ omi.

Àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ ti gan, wọn ò lè di irin kékeré mú mọ́. Àpò fóònù ló ń tà báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ohun tó bàjẹ́ dé, òun fúnra rẹ̀ ló ń nawọ́ sí òdìkejì, tó ń sọ pé, “Ẹ lọ bá Labibu. Òun ló mọ̀ ọ́n ṣe.” Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́, ojoojúmọ́ ló sì ń dùn ún.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Ṣauki kọ́ wa lọ́gbọ́n. Kò sẹ́ni tí iṣẹ́ kì í ṣòro fún, ìtìjú kọ́ ni kéèyàn bẹ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ. Ẹni tó bá fi ìlara ṣiṣẹ́, ohun-ìní ẹni ẹlẹ́ni ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kó tó wá kan ọwọ́ náà fúnra rẹ̀.