Ife Omi Èso Méjì

Ní ìgbà kan tí ó ti rìn jìnnà débi pé kò sí ẹni tí ó lè ka ọdún rẹ̀ mọ́, ìyá kan ń gbé pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀ tí ń tún aago ṣe, àti ìyàwó ọmọ náà tí ń ránṣọ nínú yàrá iwájú. Ìyá àti ìyàwó kò fi ojú rere wo ara wọn rí. Wọ́n ń gbé bí ológbò àti eku tí òjò ká mọ́ inú àjà kan náà.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá ìyá jà. Dókítà ti sọ níṣojú gbogbo wọn pé bí kò bá lo hóró oògùn kan ní àràárọ̀, òjò tí ń bọ̀ kò ní bá a lókè eèpẹ̀. Ìyàwó ni ó lọ ra oògùn náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

"Èmi? Kí n gbé ohun tí ọwọ́ yẹn rà mì?" Ìyá ju hóró àkọ́kọ́ gba ojú fèrèsé. "Ó ti gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ó ti gba ilé ìdáná lọ́wọ́ mi. Kí ló kù tí kò tíì gbà, bí kò ṣe ẹ̀mí?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́," ni ọmọ wí.

"Má bẹ̀ mí. Ìyàwó rẹ ni kó o lọ bẹ̀, kó má pa mí."

Ìyàwó wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Ẹ ò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Ó kó ìyókù oògùn sínú àpò aṣọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ oògùn sì tán nínú ilé náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ ra ẹ̀rọ ìlọta kan wálé, nítorí eyín ìyá kò fẹ́ràn ohun líle mọ́. Ó bẹ àwọn méjèèjì pé kí wọ́n máa jókòó mu omi èso pọ̀ láràárọ̀, bí wọn kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ í bára wọn sọ.

Ìyá gbé àga sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń ṣọ́ ọwọ́ ìyàwó. Ìyàwó bó ọ̀pẹ̀yìnbó, ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ ojú ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gé máńgòrò kúrò lára kóró. Ó ha hóró dúdú inú ìbẹ́pẹ dànù, ó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì sí i, ó rin atalẹ̀ díẹ̀, ó sì da yìnyín lé gbogbo rẹ̀.

"Ṣé ọ̀pẹ̀yìnbó lò ń bó ni, àbí ò ń gbẹ́ igi?"

"Igi ni, Màmá. Pósí ni mo fẹ́ fi kàn."

"Ti ta ni?"

"Ẹni tó bá bá mu nínú àwa méjèèjì."

Ẹ̀rọ ìlọta bú, ó gbé èsì ìyá mì. Bí ó ti dákẹ́, ìyá dìde kánkán, ó lọ jókòó sídìí tábìlì, kí ó má bàa pẹ́ dé ibi ife rẹ̀. Ìyàwó gbé ife méjì jáde. Ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Ó gbé ọ̀kan síwájú ìyá, ó gbé èkejì síwájú àga tirẹ̀, ó rántí pé òun kò mú ṣíbí, ó sì padà sẹ́yìn.

Ìyá na ọwọ́. Ó fa ife ìyàwó sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ti tirẹ̀ sí ipò ìyẹn.

"Ẹni tó bá gbẹ́ kòtò ìkà," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́, "ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi wọn ìjìnlẹ̀ rẹ̀."

Ìyàwó dé. Ó wo ife iwájú rẹ̀ díẹ̀, ó gbé e, ó mu ún tán. Ìyá ń wo ọ̀fun rẹ̀ bí ó ti ń gbé e mì.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lójoojúmọ́. Kò sí àárọ̀ tí ìyàwó kì í gbàgbé ṣíbí.

"Wo orí ìgbàgbé!" Ìyá kọ ojú sí ọmọ rẹ̀. "Ẹni tí kò lè rántí ṣíbí, ṣé òun ló máa rántí orúkọ ọmọ tó bá bí?"

"Ohun tó yẹ kí n rántí, mo ń rántí ẹ̀, Màmá," ni ìyàwó wí.

Oṣù kan kọjá. Ìyá ń retí kí ikùn ìyàwó wú, tàbí kí ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó ń kún sí i ni, ara rẹ̀ sì ń dán. Ìyá sọ pé májèlé tí kì í kánjú ni. Nígbà tí ó di oṣù kejì, ẹ̀fọ́rí ìyá fúnra rẹ̀ lọ. Ó ń gun àtẹ̀gùn láì di ògiri mú. Ó ní ìṣẹ́gun ni ó ń mú ara òun yá.

Ní oṣù kẹta, ọmọ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà wé aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ apá rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ náà, ó tú u, ó tún un wé.

"Màmá, oògùn yìí bá yín lára mu o."

"Oògùn wo? Ahọ́n mi kò kan hóró kan."

Nígbà tí wọ́n délé, kò tíì bọ́ bàtà tí ó fi dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìránṣọ. "Ìwọ! Ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀. Láìlo oògùn rẹ. Ṣé ojú tì ẹ́?"

Ìyàwó kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ó tì mí, Màmá."

"Bó bá jẹ́ pé o ti rán aṣọ ọ̀fọ̀ mi sílẹ̀, lọ tú u."

"Mo ti tú u."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi wọ yàrá rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ìyá ti wà nídìí tábìlì, ìyàwó lọ hóró oògùn kan kúnná nínú ilé ìdáná, ó pò ó mọ́ omi èso inú ife kan ṣoṣo, ó sì gbé ife náà síwájú àga tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe ní àràárọ̀ láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta.

Ẹ̀yin tí ẹ tẹ́tí sí mi, kí ilé yín má ṣe gbóná mọ́ yín, kí àwọn ọmọ yín dàgbà níṣojú yín, kí ẹ sì pẹ́ láyé tó láti mọ ẹni tí ń fẹ́ kí ẹ wà láàyè.