Adé Eléwé Inú Gíláàsì

Eré tí ìyá agbálẹ̀ sá tẹ̀ lé ọkọ̀ akólẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ká ní ẹnìkan ń wo aago ni, wọn ì bá ti fún un ní góòlù. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti lọ. Wọ́n ní kó nu inú àpótí gíláàsì kan nílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó ti ń gbálẹ̀ ni, ó sì gbá ewé gbígbẹ tó bá níbẹ̀ dànù, kó tó wá ka àkọlé ara rẹ̀: "Adé asáré tó borí, ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn."

"Mo gbé!"

Kíá, ó já ewé lára igi ẹ̀yìn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà, ó lọ́ ọ roboto, ó gbé e sínú gíláàsì. Bó ṣe ń pa á dé báyìí ni ọ̀gá kó àlejò wọlé, àwọn eléré ìje láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà.

"Láyé ìgbà yẹn, kò sí góòlù, kò sí fàdákà," ọ̀gá ń ṣàlàyé. "Ìhòòhò goloto ni wọ́n fi ń sáré, ewé lásán ni wọ́n sì ń gbà lọ sílé."

Ọmọbìnrin asáré kan nàka. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló ń rìn lórí ẹ̀ yẹn?"

Kòkòrò kan ni, ó ń jẹ adé lọ ní tiẹ̀. Ìyá agbálẹ̀ rọra sún mọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Adé lòun náà wá gbà," ọ̀gá dáhùn. Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọjá síwájú.

Ọ̀gá rọra padà wá bá a.

"Màmá, ewé yín tutù jù. Tèmi, ọjọ́ mẹ́ta ni mo máa ń kọ́kọ́ sá a sóòrùn."