Ó Kù Bọ́tìnì

"Túnbọ̀sún, aṣọ mi ńkọ́?"

"Ó ti parí, Bàbá. Ó kù bọ́tìnì."

"Bọ́tìnì kẹ̀?"

"Bọ́tìnì nìkan, sà. Ẹ padà wá lọ́jọ́rú."

"Agbádá ni mo gbé fún ọ. Ibo lo fẹ́ kan bọ́tìnì mọ́ lára agbádá?"

"Ọrùn rẹ̀ ni, Bàbá. Sítáì tuntun ni."

Àlàájì Lágúnjú rẹ́rìn-ín. "Ó dára. Ìwọ lo mọ iṣẹ́ rẹ." Ó wọ mọ́tò padà sílé ní Edunabon.

Irọ́ kékeré ni àbùkù Ọlátúnbọ̀sún, télọ̀ àdúgbò Ẹnuwá. Kì í ṣe ọ̀lẹ, ó sì mọ aṣọ rán dáadáa. Ṣùgbọ́n kò lè wo ojú oníbàárà kí ó sọ pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ òun. Aṣọ gbogbo ẹni tó bá yà ló ń gbà. Bí wọ́n bá sì béèrè rẹ̀, bọ́tìnì ló máa ń kù. Lọ́jọ́ náà, aṣọ Àlàájì ṣì wà nínú ọ̀rá lábẹ́ tábìlì. Sísọ́ọ̀sì kò tíì kàn án.

Òfì ni. Ìyàwó Àlàájì ló rà á sílẹ̀ kí ó tó kú, pé kí ọkọ òun wọ̀ ọ́ níbi ìsoyìgì Ameenah, ọmọ wọn. Àlàájì ti sọ èyí fún télọ̀ lọ́jọ́ tó gbé e wá.

"Ìyá rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀. Aṣọ yìí ni kó ṣojú rẹ̀."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá."

Nígbà tí Àlàájì padà dé lọ́jọ́rú, Ọlátúnbọ̀sún rí i lókèèrè, ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù sá lọ. Àárọ̀ ọjọ́ ìsoyìgì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gé òfì náà. Ó sáré rán an, kò tilẹ̀ jẹun, ó gbé e lọ sí Edunabon.

Àwọn èrò ìsoyìgì ti jókòó. Agbádá àbúrò rẹ̀ ni Àlàájì yá wọ̀. Ó ń yọ̀ bọ́ léjìká rẹ̀.

"Àlàájì," ni àáfà wí, "òfì ìyá ìyàwó tí ẹ sọ fún wa ńkọ́?"

"Ara télọ̀ mi ni kò yá. Kì í yẹ àdéhùn. Ẹ bá mi ṣàdúà fún un."

Àáfà gbọ́wọ́ sókè, ó ní kí Ọlọ́hun fún télọ̀ náà ní àlàáfíà. Gbogbo wọn ṣe àmín, Ameenah náà ṣe é. Lẹ́yìn èrò ni Ọlátúnbọ̀sún dúró sí, ọ̀rá aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tì í láti gbé e síwájú. Ó yí padà, ó gbé aṣọ náà lọ sílé.

Ṣùgbọ́n Sẹ̀kínát, tí aṣọ tirẹ̀ náà kù bọ́tìnì, wà níbẹ̀. "Télọ̀ wo ni ara rẹ̀ kò yá? Ẹni tí mo rí lánàá tó ń jẹ ẹ̀wà!" Kò pẹ́ tí gbogbo Ẹnuwá fi ń pè é ní Ó-Kù-Bọ́tìnì. Àwọn oníbàárà wá gba aṣọ wọn, ọ̀pọ̀ ni kò tíì gé, wọ́n kó o lọ bá Kíkẹ́lọmọ tó ń ránṣọ lódìkejì. Kíkẹ́lọmọ sọ fún wọn pé, "Kò lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí o." Wọ́n dúró dè é.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ fún ènìyàn, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Oníbàárà kò gbé aṣọ nìkan wá. Ọjọ́ tó fẹ́ fi wọ̀ ọ́ wà nínú rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, ẹ sọ pé ó pọ̀ jù. Ó lè bínú, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yín ṣeé gbára lé.

Àlàájì ló wá gba aṣọ kẹ́yìn.

"Ó ti parí, Bàbá," ni Ọlátúnbọ̀sún wí, òótọ́ sì ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ dákun, ẹ gbé òmíràn wá. Ọ̀fẹ́ ni n ó rán an."

Àlàájì ká agbádá náà sí abẹ́ apá. Ó dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó fèsì.

"Rárá, ọmọ mi. Ara rẹ kò tíì yá."